Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ìjọ Wa: Ẹ Jẹ́ Ká Ṣí Píánò Náà Wò Kí Owó Tó Kúrò Lọ́wọ́

Sí Bàbá Alága Ìgbìmọ̀ Ìjọ, sí ẹ̀yin ìyá àti bàbá ìjọ, àti sí gbogbo ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbèrò láti ra píánò àlòkù,

Mo mọ̀ pé inú àpòòwé ló yẹ kí irú ọ̀rọ̀ báyìí wà. Mo ti fi í sínú àpòòwé lẹ́ẹ̀mejì, n kò gbọ́ èsì, ọjọ́ ìsanwó sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e síta, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, akọ̀wé kéde pé ìgbìmọ̀ ti rí píánò onídùúró kan lọ́dọ̀ oníṣòwò kan ní Èkó, pé ẹ ti fohùn ṣọ̀kan lórí iye rẹ̀, pé a óò san gbogbo owó náà kí oṣù tó parí. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo jókòó sídìí dùùrù kò lè pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìsìn, mo bi méjì nínú àwọn tó lọ wò ó pé kí ni wọ́n rí. Wọ́n ní ó ń dán bíi dígí. Wọ́n ní orúkọ Jámánì wà lórí rẹ̀ ní lẹ́tà wúrà. Wọ́n ní ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, àti pé oníṣòwò náà tẹ orin kan fún wọn, ó sì dùn. Mo ní ǹjẹ́ ẹ ṣí inú rẹ̀? Wọ́n wo ara wọn lójú.

Ẹ̀yin àgbà mi, ọdún mẹ́ta gbáko la fi dá owó yìí. Mo mọ ìyá kan láàárín wa tó ń ta ẹ̀kọ ní ìsàlẹ̀ ọjà, tó ń tú tirẹ̀ láti etí ìró lóṣooṣù, tí kò sì pa oṣù kan jẹ rí. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ fi owó ìjọ ṣeré. Ohun tí mo ń sọ ni pé igi àti pọ́líìṣì la ti fẹ́ san owó lé lórí, kò sì tíì sẹ́ni nínú wa tó mọ̀ bóyá píánò wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀dùn ọkàn mi sílẹ̀.

Èkínní ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Wọ́n sọ ọ́ fún yín bí ẹni ń yin ọtí ẹmu tàbí aṣọ òfì ìdílé. Píánò kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtẹ̀ 88 ló wà lójú rẹ̀, funfun 52, dúdú 36. Lẹ́yìn ìtẹ̀ wọ̀nyí ni wáyà tó lé ní 200 wà, a sì fà wọ́n le tó bẹ́ẹ̀ tí àpapọ̀ agbára tí wọ́n fi ń fa férémù irin inú rẹ̀ fi ju tọ́ọ̀nù 15 lọ. Tọ̀sán tòru ni ìfà yẹn, ì báà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá fi ọgọ́rùn-ún ọdún sí i. Gọ́ọ̀mù á gbẹ, igi á rẹ̀, fẹ́lìtì tí a fi irun àgùntàn ṣe á le bí awọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ irú píánò bẹ́ẹ̀ ti ń wá, àìmọye èèyàn ló ń fi wọ́n tọrẹ, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sanwó kí a lè bá wọn gbé e kúrò ní pálọ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún tí oníṣòwò fi ń gbé iye rẹ̀ ga, òun gan-an ló yẹ kó fà á wálẹ̀, àyàfi tó bá lè fi hàn yín pé a ti tún inú rẹ̀ ṣe láti ìpìlẹ̀.

Orúkọ Jámánì ńkọ́? Bechstein ti Berlin àti Blüthner ti Leipzig, ọdún 1853 kan náà ni wọ́n dá méjèèjì sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì yẹ ní yínyìn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù láyé àtijọ́ máa ń ra píánò olówó pọ́ọ́kú kí wọ́n tó lẹ orúkọ tó bá wù wọ́n mọ́ ọn lójú. Títí di òní, ẹlòmíràn lè ra orúkọ ilé iṣẹ́ tó ti kú láti máa lò. Ohun tí a rọ mọ́ ara férémù irin ṣeé gbọ́kàn lé ju lẹ́tà wúrà lọ. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí i, tí a sábà máa ń rí bí a bá ṣí ìdérí òkè, ló ń sọ ọdún tí a ṣe é. Yamaha àti Kawai wà lára àwọn tí nọ́ńbà wọn kò ṣòro láti tọpa. Nínú àwọn tó lọ wo tiwa, ẹnikẹ́ni kò kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀.

Èkejì ni inú rẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ẹ mọ èso ọ̀pọ̀tọ́ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú lójú, tí a là á tán tí èèrà kún inú rẹ̀. Èèkàn irin kéékèèké ni a wé orí wáyà kọ̀ọ̀kan mọ́, inú pákó líle kan ni a sì ti gbá àwọn èèkàn náà mọ́lẹ̀. Bí ihò inú pákó yẹn bá ti gbòòrò, èèkàn kò ní lè di wáyà mú mọ́. Ẹ lè tún ohùn rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó ti yẹ̀ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ohun tí oníṣòwò tó gbọ́n máa ń ṣe ni pé kó ní kí wọ́n tún un ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, kó sì fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà ọ̀tún mọ́lẹ̀, kó tẹ orin ní àárín ìtẹ̀ nìkan, ibi tí ohùn rẹ̀ ti sàn jù. N kò mọ̀ bóyá tiyín ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì fẹ̀sùn kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn èèkàn náà dáadáa. Bí wọ́n bá ti gbá àwọn kan wọlé ju ẹgbẹ́ wọn lọ, tí wáyà tí a wé mọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan férémù, a jẹ́ pé ẹnìkan ti mọ̀ ṣáájú yín pé wọn kò dì mú, ó sì ti fi òòlù bò ó mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èèkàn, pákó ohùn ló kàn, pákó fẹ́lẹ́ tó gbòòrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó ń gba ìgbọ̀n wáyà tó ń sọ ọ́ di ohùn ńlá. Bó bá sán, ẹ má tíì sá. Ọ̀pọ̀ píánò tó sán níbẹ̀ ṣì ń kọrin. Ìgbà tí igi tí a fi ta á lẹ́yìn bá ti ṣí kúrò lára rẹ̀, tí ó ń hó bí ìgbà tí kòkòrò há sínú agolo, nígbà náà ni ẹ̀rù yẹ kó bà yín. Ẹ wo afárá igi tí wáyà gùn kọjá pẹ̀lú, bóyá ó ti là ní ìdí àwọn ìṣó rẹ̀. Ẹ wo àwọn wáyà ohùn ìsàlẹ̀ tí a fi bàbà wé: bí wọ́n bá ti dípẹtà, ohùn wọn á kú bí ẹni lu páànù.

Àwọn òòlù tó ń lu wáyà, fẹ́lìtì ló bò wọ́n. Bí wáyà bá ti gbẹ́ ojú wọn jinlẹ̀, a lè fá wọn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì tí fẹ́lìtì bá ṣì pọ̀. Bí kò bá pọ̀ mọ́, àfi kí a pààrọ̀ gbogbo wọn, owó ìpààrọ̀ náà sì lè ju iye píánò fúnra rẹ̀ lọ. Nílẹ̀ wa níbí, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ìtẹ̀: eku, aáyán àti ikán kò mọ̀ pé nǹkan ìjọsìn ni. Mo ti ṣí píánò kan rí tí eku bí ọmọ márùn-ún sí nínú fẹ́lìtì.

Irú kan tún wà tí mo rọ̀ yín pé kí ẹ sá fún. Ọ̀pọ̀ píánò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni ìrọ̀rí kékeré tó ń pa wáyà lẹ́nu mọ́ wà lókè àwọn òòlù, pẹ̀lú ìtò wáyà gígùn níwájú bí àgò ẹyẹ. Ó máa ń ṣòro fún wọn láti pa ohùn mọ́lẹ̀ dáadáa. Ohùn àná á ṣì máa kù lẹ́nu nígbà tí ti òní ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kúkúrú tí kò ga tó mítà kan ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ wọn, abẹ́ ìtẹ̀ ni ẹ̀rọ wọn wà, bí nǹkan kékeré bá bàjẹ́, iṣẹ́ ńlá ni yóò dà. Gíga ṣe pàtàkì. Yamaha U1 ga tó sẹ̀ǹtímítà 121, U3 tó 131, ìdí nìyẹn tí wáyà ìsàlẹ̀ wọn fi gùn tó, tí ohùn wọn sì fi kún inú gbọ̀ngàn bíi tiwa.

Ẹ̀kẹta, ojú ọjọ́. Igi ń mu omi, igi ń gbẹ. Nígbà òjò, pákó ohùn á wú, ohùn á gòkè, ìtẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí ọyẹ́ bá dé, gbogbo rẹ̀ á sún kì, ohùn á já wálẹ̀, ihò èèkàn á là. Píánò tó ti lo gbogbo ayé rẹ̀ nínú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí a wá kó sínú kọ̀ńténà la òkun kọjá, kò tíì rí ọyẹ́ rí. Ẹ tún fi ẹ̀rọ amúlétutù wa kún un, tí a ń tàn fún wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Ìsinmi tí a sì ń pa fún ọjọ́ mẹ́fà. Bí píánò náà kò bá lágbára nínú, ọdún kan ni mo fún un.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ, torí mo ti wà nídìí irú àṣìṣe yìí rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di atẹdùùrù, ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ rán mi lọ wo píánò. Mo rí igi tí a gbẹ́ ọnà sí. Mo rí ọ̀pá àbẹ́là méjì tí a fi idẹ ṣe ní iwájú rẹ̀. Ojú mi kún fún ẹwà wọn, mo sì padà wá sọ fún àwọn àgbà pé kí wọ́n rà á. Ọyẹ́ àkọ́kọ́ dé, a pe oníṣẹ́, ó fi ìyí, irin tí wọ́n fi ń yí èèkàn, bọ ọ̀kan nínú wọn, èèkàn náà sì ń yí bí ìgbà tí a ń fi ṣíbí ro ẹ̀kọ gbígbóná. Ó gbé ìyí rẹ̀ sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ohun tó dùn mí jù kò ju ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tí mo ń kọ́ lórí píánò yẹn lọ. A kò lówó òmíràn, nítorí náà òun la ń lò. Ọdún méjì ló fi kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ó sì já fáfá. Mo mú un lọ ṣe ìdánwò ní ibòmíràn, níbi tí píánò tó pé wà. Ó tẹ orin àkọ́kọ́, ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, píánò yìí kò dára, ohùn rẹ̀ kò lọ bó ṣe yẹ." Tòótọ́ ni ó ń sọ láti ọkàn rẹ̀. Etí rẹ̀ ti gba irọ́ tí mo rà fún un gẹ́gẹ́ bí òtítọ́. Ọmọ mẹ́rìnlá ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi báyìí nínú yàrá ẹgbẹ́ akọrin, ọmọ ọmọ àwọn kan nínú yín sì wà lára wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé Yorùbá ni wá. Ohùn ló ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀. Thomas Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ kí orin ìsìn wa lè tẹ̀lé ohùn tí ẹnu wa fi ń sọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1953. Akin Euba náà wá ọ̀nà tí píánò yóò fi máa sọ èdè ìlù wa. Ọmọ wo ló máa tẹ̀lé wọn lórí ohun èlò tí "mí" rẹ̀ kì í ṣe "mí"? Bí ìtẹ̀ kan kò bá lè tètè dìde padà nígbà tí ìka bá ń lù ú léraléra, ta ló lè fi ṣe ohùn dùndún?

Kí n má baà dà bí ẹni tó kórìíra àlòkù: n kò kórìíra rẹ̀. Tuntun kọjá agbára wa, inú ìkòkò dúdú sì ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Bí mo bá rí píánò tí ara rẹ̀ ti ha, tí ife tíì ti sàmì sí lórí, ṣùgbọ́n tí èèkàn rẹ̀ dúró gírí tí òòlù rẹ̀ ṣì nípọn, òun ni màá yàn, màá sì fi ojú rẹ̀ tó ha nájà kí iye rẹ̀ lè wálẹ̀. Bí a ṣe ń díye lé e nìyí: ẹ wo iye tí irú rẹ̀ tó pé ń lọ, ẹ yọ owó gbogbo àtúnṣe tó nílò kúrò, ẹ yọ owó ìgbé, torí ọ̀pọ̀ wọn wúwo tó kílò 200 sí 300, kì í ṣe ẹrù ọmọ akọrin méjì. Ẹ tún yọ owó títún ohùn ṣe, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn tó bá ti mọ́ ilé tuntun lára. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni iye rẹ̀. Ní ti píánò mìíràn, kò ní ṣẹ́kù ohunkóhun.

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ ti ní ẹ máa fi ọ̀kan ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, Olúwa á san án fún yín. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Owó ọkọ̀ òkun àti owó ibodè kì í ṣe ọ̀fẹ́, kò sì yẹ kí a san wọ́n lórí ohun tí ẹlòmíràn ń wá ẹni tó máa bá òun jù nù. Kí ẹ tó pe onímọ́tò, ẹ pe oníṣẹ́ píánò níbẹ̀, ẹ ní kó kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Bí eyín erin bá wà lójú ìtẹ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má gbé e wá: òfin tó wà lórí kíkó eyín erin la ibodè kọjá le gan-an, wọ́n lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Àmì rẹ̀ ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun tó máa ń dábùú ìtẹ̀ funfun, níbi tí a ti so ègé méjì pọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ nìyí:

1. Kí a dá owó náà dúró. N kò ní kí a fagi lé ìpinnu, ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí a bá ṣí i wò ni mo ń tọrọ.

2. Kí a mú oníṣẹ́ tí kò bá oníṣòwò náà tan lọ ṣí i: ìdérí òkè, pákó iwájú àti ti ìsàlẹ̀. Kó fi ìyí wọn èèkàn wò, kó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fún wa ní ìwé tó fọwọ́ sí.

3. Kí a fi fọ́ọ̀kì ohùn dán an wò. Ohùn "A" tó wà lókè "C" àárín gbọ́dọ̀ gbọ̀n ní ìgbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti rẹlẹ̀ tó ìdajì ohùn, kò ní bá saksofóònù àwọn ọ̀dọ́ wa mu láé. Bí a bá sì ní kí a fà á gòkè, wáyà tó ti gbó lè máa já lọ́kọ̀ọ̀kan.

4. Kí a tẹ ìtẹ̀ 88 náà láti òsì dé ọ̀tún, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìfẹsẹ̀ kan pẹ́dà. Wáyà mẹ́ta ló ń ṣe ohùn kan ní òkè; bí wọ́n bá ń wí ohùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ óò gbọ́ ọ bó ṣe ń mì.

5. Kí a padà lọ gbọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, láìsọ fún oníṣòwò ṣáájú. Bí ohùn rẹ̀ bá ṣì wà níbi tí a fi í sí, ọ̀rọ̀ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Bàbá Alága, ẹ foríjì mí fún èyí tó kù. Bí a bá san owó yìí láìṣí píánò náà wò, n kò ní fọwọ́ sí ìwé kankan tó sọ pé atẹdùùrù ìjọ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìyá tó ń ta ẹ̀kọ bá dìde ní ìpàdé gbogbogbòò tó bi mí, òótọ́ ni màá sọ fún un. N kò ní kọ́ ọmọ kankan lórí ohun èlò tó ń purọ́ sí i létí mọ́. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Màá wà níwájú ọgbà ìjọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ láago méje àárọ̀, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, fọ́ọ̀kì ohùn, àti oníṣẹ́ kan tí mo ti fi owó ara mi bẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán ẹni méjì sí wa, kí akápò sì wà lára wọn. Bí inú píánò náà bá dára, tí ohùn rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, èmi ni màá kọ́kọ́ ní kó san owó náà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Atẹdùùrù ìjọ yín